Fọ́tò tó lè wà lára ògiri ilé ìyá náà

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò ìgbéyàwó, ti ìsìnkú àti ti káàdì ìdánimọ̀ ni mo fi ń jẹun. Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó sá ogun Côte d'Ivoire wálé ní 2011. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Ọta ìbọn bà á léjìká ọ̀tún, apá yẹn kò sì ga ju àyà lọ mọ́ títí dòní. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n ya òun, pé ó yẹ kí èèyàn mọ̀. Mo ti ya àpá náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo bá wò ó nínú kọ̀ǹpútà, àpá lásán ni mò ń rí. N ò rí ogun, n ò sì rí ìyá náà. Ìbọn ò dún mọ́, ogun ti tán. Kí ni èèyàn ń yà gan-an?"

Àbúrò mi, mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí mo ti dúró pẹ́ jù ni ibi tí o ti kọ ọ́ pé apá yẹn kò ga ju àyà lọ mọ́. Inú gbólóhùn yẹn ni fọ́tò tí ò ń wá wà. Apá tí kò ga ju àyà lọ kò lè gbé igbá karí. Kò lè wé gèlè. Kò lè pọn ọmọ-ọmọ láìjẹ́ pé ẹnì kan bá a di aṣọ mú. Kò lè gún iyán bó ṣe ń gún un tẹ́lẹ̀, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ gidi. Ìwọ sọ pé ogun ti tán, ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí ìyá yẹn bá fẹ́ ki apá bọ bùbá ni ogun ń bá a jà. Ohun tí ò ń yà nìyẹn.

Ká ní o ya àpá yẹn ní 2011, tí o tún yà á lónìí, fọ́tò méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Àpá kì í sọ iye ọdún tó ti wà lára. Kò sọ ẹni tó kú, kò sọ bí obìnrin kan ṣe kó ohun tó kù sínú àpò tó gba Gánà àti Tógò kọjá kó tó délé. Ẹni tó bá rí i á ní "áà, ó mà ṣe o," á sì kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ogun jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ gbọọrọ. Fọ́tò tí a sáré yà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kò lè gbé e.

Mi ò sọ pé kí a má fi ọgbẹ́ hàn rárá o. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ọgbẹ́ nìkan ni ẹlẹ́rìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1904, ní Baringa nílẹ̀ Kóńgò, bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Nsala wá sí ilé àwọn míṣọ́nnárì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń fipá mú ará abúlé kó rọ́bà wá ti pa ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀, ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan ọmọ náà ló kù tó gbé wá. Alice Seeley Harris, míṣọ́nnárì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ní kámẹ́rà, ní kó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì yà á. Léopold Kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀mù, tó sọ gbogbo Kóńgò di ohun ìní ara rẹ̀, ti ń sẹ́ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Fọ́tò yẹn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé káàkiri gbọ̀ngàn ìpàdé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi iná gbé e sára aṣọ funfun kí gbogbo èrò lè rí i. Ní 1908, ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù gba Kóńgò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbi tí aṣebi bá ti ń sẹ́, fi ọgbẹ́ hàn, bí ẹni tó ni ọgbẹ́ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n tó o bá ráyè rí fọ́tò Nsala, wò ó dáadáa. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń pariwo. Bàbá náà kò kọjú sí kámẹ́rà. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo ohun tó kù lára ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìjókòó yẹn ló ń pa èèyàn lẹ́kún. Harris lè sún mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà kó yà wọ́n nìkan. Ká ní ohun tó ṣe nìyẹn, a ò bá má mọ̀ pé bàbá kan wà.

Ọmọ Kétu ni mí, jẹ́ kí n mú ọ dé ilé wa. Ní 1886 ni ogun Dàhòmì fọ́ Kétu. Wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n sì kó èèyàn lẹ́rú lọ sí Abọ́mẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé wọ Abọ́mẹ̀ ní 1892 ni àwọn tó ṣẹ́kù rọ́nà padà wá tún ilé kọ́. Ìyá ìyá bàbá mi wà lára ọmọ kékeré tí wọ́n kó lọ. Ìyá àgbà tó tọ́ mi, ọmọ rẹ̀ ni, ilẹ̀ Kétu tí a tún tẹ̀dó ni wọ́n bí òun sí. Kò gbọ́ ìró ìbọn kankan rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀, ní gbogbo alẹ́, kó tó sùn, á di ìdì kékeré kan sí ìgbèrí: gaàrí, iyọ̀, ìró méjì, ṣáná. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tú u, á da gaàrí padà sínú ìkòkò. Mo bá a níbi tó ti ń ṣe é títí mo fi di ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní báyìí ni ìyá òun ṣe ń ṣe. Nǹkan bí ọgọ́rin ọdún ti kọjá lórí ogun náà, ìdì ṣì ń dé ìgbèrí ní alaalẹ́.

Fọ́tò kan ṣoṣo la ní tí ìyá àgbà yà. Sitúdíò ni wọ́n ti yà á ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): ó jókòó sórí àga, ọwọ́ lórí orúnkún méjèèjì, ojú rẹ̀ tọ́ sí kámẹ́rà gẹ́gẹ́ bí àgbà ṣe ń jókòó fún fọ́tò. Mo fẹ́ràn fọ́tò yẹn gan-an ni, lójoojúmọ́ ni mò ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìdì kò sí níbẹ̀. Àwọn àlejò tó ń wá sí Kétu ń ya Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ògbólógbòó tó kù nínú odi ìlú, ó sì yẹ kí wọ́n yà á. Àmọ́ ẹnubodè kò lè sọ ohun tí ogun ṣe fún obìnrin tí wọn kò tíì bí nígbà tó jà. Ìdì yẹn ló lè sọ ọ́, ẹnì kankan ò sì yà á. Èmi tí mo wá di ayàwòrán, mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ohun tó yẹ ní yíyà ni. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o bi ìyá Ṣábẹ̀ẹ́ nìyí: kí lẹ ń ṣe báyìí tí ẹ kì í ṣe kí ogun tó bá yín ní Côte d'Ivoire? Kí lẹ ti jáwọ́ nínú rẹ̀? Èkejì: kí lẹ gbé bọ̀? Nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìbò oṣù Kọkànlá 2010 títí dé ìgbà tí wọ́n mú Laurent Gbagbo, ààrẹ tó kọ̀ láti gbé ìjọba sílẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2011, nǹkan bí 3,000 èèyàn ló kú, àwọn tó sì sá kúrò kò níye. Ohun tí ọwọ́ bá tó ni kálukú gbé. Ó lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tí kò sí mọ́. Ó lè jẹ́ ìwé ọjà, ìwé ilé ìwé àwọn ọmọ, ṣòkòtò ọkọ. Gbé e sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, yà á bí ìgbà tí ò ń ya ojú èèyàn. Ziyah Gafić, ayàwòrán ọmọ Bọ́sníà, ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Keje 1995 wọ́n pa ọkùnrin àti ọmọkùnrin tó lé ní 8,000 ní Srebrenica, wọ́n sì sin wọ́n papọ̀ sínú kòtò. Nígbà tí wọ́n hú wọn, Gafić ya ohun tí wọ́n bá lára wọn: aago, ìyarun, kọ́kọ́rọ́, dígí ojú. Nínú iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe eegun ló gbájú mọ́. Ẹni tó bá ń wá arákùnrin rẹ̀ lè wo aago kó sì mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Fọ́tò tó wúlò fún ẹbí kó tó wúlò fún àjèjì, n ò mọ iṣẹ́ tó ju ìyẹn lọ nínú iṣẹ́ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le wà níwájú. O ní òun fúnra rẹ̀ ló ní kí o ya òun. Ó dára, ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda tí ìyá fún ọmọ àdúgbò kì í ṣe ìyọ̀ǹda fún gbogbo ayé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ogiri sitúdíò rẹ ni ó rò pé fọ́tò náà máa wà. Mú fóònù rẹ jáde, fi hàn án. Fi fọ́tò igi tàbí ewúrẹ́ ránṣẹ́ sí WhatsApp ọ̀rẹ́ rẹ ní Parakou níṣojú rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ní Àjàṣẹ́, kí ìyẹn dá a padà sí ọ. Kó rí i pé ìṣẹ́jú méjì ni, pé kò sí ọwọ́ tó lè kó o padà. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ọjọ́ mélòó kan kọjá kí o tó tún bi í. Code du numérique, òfin tí orílẹ̀-èdè wa gbé kalẹ̀ ní 2018, dáàbò bo irú ohun báyìí, bí o bá sì ń gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, jẹ́ kó wà ní kíkọ pé ó gbà. Àmọ́ ká tiẹ̀ ní kò sí òfin, Ṣábẹ̀ẹ́ kan náà lẹ jọ ń gbé. Ìwọ àti òun á tún pàdé lọ́jà.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ nítorí mo ti ṣe é ní àṣìṣe. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, mo lọ sí ibùdó àwọn ará Ògóni tó sá kúrò ní Nàìjíríà wá sí Comè, ní gúúsù Benin. Mo ya ọmọdébìnrin kan tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà àgọ́. Èmi àti ìyá rẹ̀ ò sọ̀rọ̀, mo rẹ́rìn-ín sí i, ó rẹ́rìn-ín sí mi, mo sì kà á sí ìyọ̀ǹda. Ìwé ìròyìn kan gbé fọ́tò náà jáde, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé aláìlóbìí ni. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mo yà á! Nígbà tí mo padà lọ, ó gbé ìwé ìròyìn yẹn jáde nínú àpò, ó sì bi mí pé ta ni mo sọ fún pé òun ti kú. Láti ọjọ́ náà, n ò fún ẹnikẹ́ni ní fọ́tò láìjẹ́ pé ọwọ́ mi ló kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀. Kim Phúc, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí bọ́ǹbù iná jó láṣọ kúrò lára ní Fiẹtinámù ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 1972, ti sọ ní gbangba pé ìgbà kan wà tí òun kórìíra fọ́tò tí gbogbo ayé mọ òun sí, níbi tí òun ti ń sá lọ lójú ọ̀nà. Ó dàgbà, ó bímọ, ó ń gbé Kánádà, ṣùgbọ́n lójú àwọn èèyàn, ojú ọ̀nà yẹn ló ṣì ń sá lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí o má fi fọ́tò kan ṣoṣo ti ènìyàn mọ́ ibi ọgbẹ́ rẹ̀.

Ayàwòrán kan tí mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ ni Jonathan Torgovnik. Láti 2006 ló ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin Rùwáńdà tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ nígbà ìpakúpa 1994, tí wọ́n sì bímọ. Ìyá àti ọmọ ló ń yà, nílé wọn, nínú ìmọ́lẹ̀ ilé wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Ó wà lára àwọn tó dá ètò kan sílẹ̀ láti san owó ilé ìwé àwọn ọmọ náà. Nígbà tó lé lọ́dún mẹ́wàá, ó padà lọ bá wọn, àwọn ọmọ ti di géńdé. Ohun tó tún gbé wá nígbà yẹn ni bóyá ìyá ti sọ fún ọmọ bí wọ́n ṣe bí i. Rò ó wò: fọ́tò rẹ lè tú àṣírí fún ọmọ kí ìyá tó rí ẹnu sọ ọ́. Nítorí náà, kọ́kọ́ rí ìyá náà lóun nìkan, láìsí ọmọ, láìsí àbúrò ọkọ. Bi í pé nínú ohun tí ẹ máa sọ fún mi, kí ni àwọn ọmọ kò mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ bá jẹ yọ, gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Má bi í ní "báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀." Ìwọ kọ́ ni ilé ẹjọ́. Láti 2022 ni ìlànà kan ti wà tí wọ́n ń pè ní Murad Code, tí wọ́n fi orúkọ Nadia Murad, obìnrin ọmọ Ìráàkì tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, sọ, fún àwọn tó ń gba irú ẹ̀rí yìí, òye rẹ̀ sì ni pé ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ló ni ín, kò sì yẹ kí a máa fi àtúnsọ dá a lóró. Ẹni tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kó bá a sọ̀rọ̀. Tìrẹ ni kí o bá a wá ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá fẹ́.

Òde òní tún yàtọ̀ sí 2011. Láti òpin 2021 ni ìkọlù àwọn agbébọn ti ń ṣẹlẹ̀ ní Alibori àti Atacora, ní àríwá Benin, àwọn ará abúlé sì ń sá fi oko sílẹ̀. Bí irú wọn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, má ya ojú wọn, má ya ilé tí wọ́n wọ̀ sí, sì pa ohun tó ń kọ ibi tí a wà sínú fọ́tò lórí fóònù rẹ. Ogun tó ṣì ń jà lè ka fọ́tò. Ìyá tó dé ní 2011 lè jókòó kó fi ojú hàn, ẹni tó sá dé lóṣù tó kọjá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Má sanwó ẹkún. Bí o bá gba ọjọ́ ọjà rẹ̀, san owó ọjà tó pàdánù, kí o sì fún un ní fọ́tò tó tẹ̀ jáde lórí ìwé, kì í ṣe ní fóònù nìkan.

Ní ti iṣẹ́ fúnra rẹ̀, jókòó tó ga tó ibi tí ó jókòó. Ẹni tó dúró tó sì yàwòrán ẹni tó wà nílẹ̀, fọ́tò rẹ̀ máa ń dà bí ìgbà tí a ń wo alágbe. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ láti ẹnu ọ̀nà tó o. Fọ́tò onídúdú-àti-funfun kò burú, ṣùgbọ́n má ṣe é nítorí kó lè jọ ìbànújẹ́: bí ìyá náà bá wọ àǹkárá pupa, ó yàn án ni, àǹkárá pupa ni kó wà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ kì í tún aṣọ oníbàárà ṣe. Á fún un ní dígí, á sì jáde kúrò nínú yàrá. Ìlú Joseph Moïse Agbodjelou ni ìlú yẹn, ẹni tó ya ará Àjàṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú ní 2000, tí Léonce Raphaël Agbodjelou ọmọ rẹ̀ sì ń ya àwọn ará ìlú yẹn níwájú aṣọ oníṣẹ́ ọnà títí dòní. Èèyàn wọn kì í jókòó bí ẹni tí wọ́n bá lójijì. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ni ojú ló ní ẹ̀tọ́ láti tún un ṣe kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò, kọ ọ́ ní Yorùbá, ní ìsọ ẹnu rẹ̀ gan-an, bí Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe ń sọ ọ́. Má kọ "obìnrin tí ogun ṣe léṣe." Ní 1908 sí 1909 ni Edmond Fortier, ayàwòrán ọmọ Faransé, wá ya Dàhòmì fún káàdì ìfìwéránṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì kọ orúkọ ibi tàbí ẹ̀yà sí lábẹ́, láìsí orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ti lè rí káàdì yẹn kí wọ́n má mọ̀ pé ìyá àwọn ni. Orúkọ tó bá yàn, ìlú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, ọjọ́ tí o yà á. Má fọwọ́ kan fáìlì tó ti inú kámẹ́rà jáde. Àdàkọ ni kí o tún ṣe. Ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ kò jọ gbé. Òjò wa àti ọyẹ́ wa kì í ṣàánú fọ́tò, bí iṣẹ́ bá sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ iwájú, École du Patrimoine Africain, ilé ẹ̀kọ́ ohun àjogúnbá Áfíríkà, wà ní Àjàṣẹ́ láti 1998, ìtọ́jú irú ohun báyìí ni iṣẹ́ wọn.

Kó gbà ọ́ tó ọdún kan. Lọ nígbà iṣu tuntun, kí o rí ẹni tó ń bá a gún iyán. Lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń rántí ọkọ rẹ̀. Lọ lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan kan. Susan Meiselas ya ogun Nikarágúà ní 1978 àti 1979, ó sì ti lókìkí tán. Síbẹ̀ ó padà lọ wá àwọn tó wà nínú fọ́tò rẹ̀, nígbà tó sì di 2004, ó tẹ fọ́tò náà ní ńlá, ó gbé wọn kọ́ sí ibi gan-an tó ti yà wọ́n, kí ará ìlú máa wò ó bí wọ́n bá ń lọ sọ́jà.

Ní ìgbà tó o bá máa kọ́kọ́ lọ, má gbé kámẹ́rà lọ. Tẹ fọ́tò àpá mẹ́ta tó o ti yà náà jáde, kó wọn fún un, kí o sì bi í pé èwo ni ẹ máa fi kọ́ sára ògiri pálọ̀ yín, níbi tí àlejò á ti rí i. Bó bá ní kò sí, bi í pé irú èwo ni ẹ fẹ́. Gbọ́ èsì yẹn dáadáa, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì jẹ́ kí n mọ ohun tó wí.